AC wa ò tan o, ẹ gbà mí!

Ìyá Ìbejì (Houston, Amẹ́ríkà): Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, látàná ni AC wa ò ti tan, mi ò gbọ́ ariwo kankan níta, àwọn ọmọ ò sùn mọ́jú, mo ti pa bírékà mo sì ti tan án tó ìgbà mẹ́fà, ẹ̀mí mi ò balẹ̀ rárá.

Bàbá Ayọ̀: Ẹ fi bírékà yẹn sílẹ̀! Tẹ́ ẹ bá ti tan án lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró ó kéré tán ìṣẹ́jú 5. Èmi ò dúró lọ́jọ́ tèmi, ó ń já mo ń dá a padà, ó ń já mo ń dá a padà, bí kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀, ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC kiri, ṣe jóná nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Kò já o, bùrọ̀dá, ó dúró.

Àǹtí Dallas: Ojú tẹmọ́stáàtì, èyí tẹ́ ẹ fi ń ṣètò òtútù lára ògiri, ńkọ́, ṣé ó mọ́lẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ó ṣú dùdù.

Àǹtí Dallas: Ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì ẹ̀. Tó bá ṣì ṣú, ẹ gun òkè àjà, ẹ wo páànù abẹ́ ẹ̀rọ, àwo tó ń gba omi tó ń kán lára AC. Tómi bá ti kún un, swíìṣì kékeré tó ń léfòó níbẹ̀ ló pa á. Ẹ má so wáyà swíìṣì yẹn pọ̀ o! Ọkọ mi so ó, AC tan lóòótọ́, àmọ́ kílẹ̀ tó mọ́ àjà pálọ̀ ti já lu àga.

Ọmọ Phoenix: Kapásítọ̀, èyí tó ń fún fáànù níná láti gbéra, ni jàre. Ẹ fi igi tín-ín-rín ti fáànù ìta, tó bá yí, ẹ ti mọ̀.

Bàbá Ayọ̀: Igi kẹ̀! Ìyá ìbejì lẹ ní kó lọ ti fáànù? Tó bá ṣe kapásítọ̀ ni, ẹ̀rọ ìta ìbá máa kùn. Kapásítọ̀ yẹn sì ń di iná mú lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti pa bírékà, ó gbé mi lulẹ̀ rí, apá mi ò ṣeé gbé fún odindi ọjọ́ kan.

Ọmọ Phoenix: Bá a ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ó ń ṣiṣẹ́.

Àǹtí Dallas: Ibi gbígbẹ lẹ wà, páànù yín ò lè kún bíi ti Houston.

Ọmọ Phoenix: Ẹ tiẹ̀ ń pe tiyín ní ooru? Lọ́dún 2023, ọjọ́ 31 tẹ̀ léra la fi wà ní degree 110 Fahrenheit sókè!

Bàbá Ayọ̀: Tiyín gbẹ. Tiwa rin gbindin, téèyàn bá wẹ̀ tán kò ní gbẹ.

Àǹtí Dallas: Hmm. Nílé, ẹní la máa ń tẹ́ síta, atẹ́gùn á máa fẹ́, àwọn àgbà á máa pàlọ́ títí oorun á fi gbé wa lọ. Ó ń wù mí gan-an.

Bàbá Ayọ̀: Ìwọ náà rántí! Òṣùpá á mọ́lẹ̀ kedere, ta ló ń wá AC?

Ìyá Ìbejì: Mo ti dókè àjà o. Omi kún páànù dẹ́nu. Ta ló ní fákúùmù tó ń fa omi nítòsí?

Ọmọ Phoenix: Òṣùpá yẹn gan-an ló ń ṣe mí, àǹtí.