"Ìṣíkiri" kọ́ ni, "àlọ-àbọ̀" ni

Níbi tí a ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìmọ̀ nípa ẹyẹ, ẹ̀gbọ́n wa kan dábàá pé kí a máa pe ìrìn tí àwọn ẹyẹ òkun ń rìn lọ́dọọdún (migration) ní "ìṣíkiri". Ẹ dákun, mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń ṣí kiri kò níbi pàtó. Ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú u ló ń sùn. Ẹyẹ wọ̀nyí mọ ibi tí wọ́n ń lọ, wọ́n sì mọ̀nà ilé.

Ẹ wo Arctic tern, ẹyẹ òkun kékeré kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúwo ju 100 gíráàmù lọ. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2010, wọ́n de ẹ̀rọ oní gíráàmù 1.4 mọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń yéyin ní Greenland àti Iceland. Ìpíndọ́gba ìrìn wọn láàárín ọdún kan jẹ́ kìlómítà 70,900: láti àríwá ayé dé òkun Antarctica, kí wọ́n tó padà. Ẹ̀rọ náà kì í bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ rárá. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń ṣàkọsílẹ̀. Bí ojúmọ́ bá ṣe gùn tó la fi ń mọ bí ẹyẹ ṣe jìnnà sí àríwá tàbí gúúsù. Àkókò tí oòrùn kàntàrí la fi ń mọ ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Inú ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹyẹ kò bá bọ̀, kí wọ́n sì tún un mú, kò sóhun tí ẹnikẹ́ni máa kà. Ṣé ẹ wá rí i pé àbọ̀ ló gbé ìmọ̀ náà dúró? Ẹ jẹ́ ká pè é ní "àlọ-àbọ̀".

Ẹlòmíì ní "ìtọpasẹ̀", fún fífi ẹ̀rọ mọ ibi tí ẹyẹ ń gbà (tracking), kò bá ẹyẹ mu, torí ẹyẹ kì í fẹsẹ̀ rìn lójú òkun. Ojoojúmọ́ la ń sọ "nípasẹ̀ rẹ̀" láìro ẹsẹ̀ ẹnì kankan. Bó bá ṣì ń yọ yín lẹ́nu, "ìtọpa" tó.

"Ìtànkálẹ̀", tí wọ́n fẹ́ fi pe gbogbo ibi tí irú ẹyẹ kan wà (distribution), ló ká mi lára jù. Àìsàn àti ìròyìn ló ń tàn kálẹ̀: ohun tó bẹ̀rẹ̀ níbì kan, tó wá ń gbilẹ̀. Máàpù ẹyẹ kò sọ ìyẹn. Ibi tí ẹyẹ wà ló ń sọ. "Ibùgbé" náà kò tó. Lọ́dún 1990, sátẹ́láìtì fi hàn pé wandering albatross, ẹyẹ òkun ńlá kan, lè fò tó kìlómítà 15,000 lọ wá oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ń sàba. Ìtẹ́ rẹ̀ wà níhìn-ín, ibùjẹ rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Mo dábàá "ibùwà", kó kó méjèèjì pọ̀.

"Ìṣíkiri" náà ní àyè tirẹ̀ o. Ọmọ albatross tó bá fò kúrò nítẹ̀ẹ́ ń lo ọdún mélòó kan lójú òkun kó tó tún fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìyẹn ń ṣí kiri lóòótọ́.