Ìtùlójú ni, kì í ṣe ìwòsàn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe desensitization, ìyẹn ìtọ́jú tí a fi ń fún ẹni tí oògùn kò bá lára mu ní oògùn náà díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi gbà á fún ìgbà díẹ̀, ní "ìwòsàn àlẹ́jì oògùn" lédè Yorùbá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè fara mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yẹn lè ṣekú pa ẹni tó bá gbà á gbọ́.

Lára ẹni tí pẹnisílìnì kò bá lára mu, IgE, èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń dá oògùn náà mọ̀, ti lẹ̀ mọ́ àwọn mast cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ara tó ń kó histamine pamọ́, ó lúgọ de oògùn náà. Bí oògùn bá ya wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, tó so àwọn IgE yìí pọ̀, mast cell á tú histamine, èròjà tó ń fa ìyún àti wíwú, jáde yàà: ara á sú, ọ̀nà ọ̀fun á wú, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀. Nínú desensitization, dókítà á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀n tíntín, bí ìdá kan nínú 10,000 ìwọ̀n tó yẹ, á máa fi kún un ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 sí 20, títí yóò fi pé láàárín wákàtí mélòó kan. Mast cell kò kú. IgE ṣì wà. Ìwọ̀n kékeré tó kọ́kọ́ dé kò tó láti ru sẹ́ẹ̀lì sókè, nígbà tí èyí tó pọ̀ bá sì fi dé, sẹ́ẹ̀lì náà kò lè fọhùn mọ́.

Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá dá oògùn náà dúró fún ọjọ́ mélòó kan, ara á tún padà kọ̀ ọ́. Aláboyún tó ní sífílíìsì, tí pẹnisílìnì kò bá lára mu, tí kò sì sí oògùn mìíràn tó lè rọ́pò pẹnisílìnì fún un, yóò gba ìtọ́jú yìí dandan. Tí a bá sọ fún un pé ó ti rí ìwòsàn, kí ni yóò dá a dúró láti gbé pẹnisílìnì mì nílé lọ́dún tó ń bọ̀?

Ìdí nìyí tí mo fi mú "ìtùlójú ara" wá. Ọmọ tí a tù lójú dákẹ́ ni, inú tó ń bí i kò tíì tán. "Àjẹsára oògùn" tí ẹlòmíràn dá lábàá kò bá a mu rárá, torí ìjà ni àjẹsára ń kọ́ ara.

Bákan náà, ẹ má jẹ́ ká na orúkọ yìí dé orí Stevens-Johnson, àìsàn líle tí oògùn lè fà, èyí tó ń bó awọ ara. T cell, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ló wà nídìí ìyẹn, kì í ṣe IgE, a kì í sì í fi ìtọ́jú yìí dán an wò.

Ó ku ẹyọ kan: ṣé "ìtùlójú ara" ni, àbí "ìtùlójú sẹ́ẹ̀lì"? Ti àkọ́kọ́ ni mo fara mọ́, torí "ara mi kọ̀ ọ́" ni aláìsàn fúnra rẹ̀ ń wí.