Aago méjìlá géérégé, òjìji ọ̀pá ṣì dà sí ìwọ̀-oòrùn: kí ló fà á ní Èkó?

Olùkọ́ Èbúté Mẹ́ta:

Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará ibí. Àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún fẹ́ ṣe aago oòrùn sí àgbàlá ilé ìwé. A ri ọ̀pá mọ́lẹ̀, a wo òjìji rẹ̀ ní aago méjìlá géérégé lójú fóònù, ṣùgbọ́n ó ṣì dà sí ìwọ̀-oòrùn. Ó tó nǹkan bí aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó kúrú dópin. Ṣé ọ̀pá ló tẹ̀ ni, àbí fóònù ló ń parọ́? Báwo la sì ṣe máa ṣe é tí yóò fi bá aago ọwọ́ mu?

Alátùn-únṣe Aago, Ìdúmọ̀tà:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀pá yín dára, fóònù ò sì parọ́. Ohun tí àwọn méjèèjì ń kà ló yàtọ̀: ọ̀pá ń ka oòrùn tó wà lórí Èkó, fóònù ń ka àdéhùn.

Ní ọdún 1884 ni àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò ní Washington pé láti Greenwich, nílùú Òyìnbó, ni kí wọ́n ti máa ka dìgírì bẹ̀rẹ̀. Dìgírì 15 ni ayé ń yí ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú 4 fún dìgírì kan. Aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú ti Greenwich, orí ìlà dìgírì 15 ló sì ti bá oòrùn mu. Ìlà yẹn ò tilẹ̀ gba ilẹ̀ wa kọjá, ọ̀hún ní Kamẹrúùnù àti Ṣáàdì ló gbà. Èkó wà ní dìgírì 3.4 sí ìlà-oòrùn Greenwich. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 15, ó ku 11.6, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ìṣẹ́jú 46 ni. Ọ̀sán gangan wa nìyẹn, ìgbà tí òjìji kúrú jù lọ: 12:46. Ní Máídúgùri, nǹkan bí 12:07 ni, bẹ́ẹ̀ aago kan náà la jọ ń lò.

Kò sì rí bẹ́ẹ̀ látilẹ̀wá. Kó tó di 1905, aago Èkó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣáájú Greenwich, ìyẹn ni pé oòrùn Èkó gan-an ló ń tẹ̀ lé. Wọ́n sọ ọ́ di ti Greenwich ní 1905, wọ́n dá a padà ní 1908, wọ́n sọ ọ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní 1914, kí wọ́n tó wá sọ ọ́ di wákàtí kan ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án 1919. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ èyí: ọwọ́ èèyàn ló ń sún un síwá sẹ́yìn.

12:46 yìí náà kì í dúró lójú kan. Ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn ká kò rí róbótó, ayé fúnra rẹ̀ sì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní àárín oṣù kejì, ọ̀sán gangan máa ń di 1:01. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, 12:30. Òun ló ń jẹ́ kí oòrùn yọ lẹ́yìn aago méje ní òpin oṣù kìíní, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń jáde nílé nínú òkùnkùn. Ọyẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù, ọyẹ́ ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Àmọ́ ẹ má fi aago orí tábìlì tí wọ́n ń kì bọ iná wé e. Púpọ̀ nínú wọn ń ka ìgbì iná, 50 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí jẹnẹrétọ̀ bá ń sáré dé 52, aago náà á ti fi ìṣẹ́jú méjì àti díẹ̀ ṣáájú láàárín wákàtí kan.

Bíríkìlà Sùúrùlérè:

Kọ́ńpáàsì fóònù ni kí ẹ ṣọ́ra fún, irin inú dẹ́kìn àti géètì ń fà á. Ọ̀pá náà ló máa fi àríwá hàn yín.

Ẹ lo igi ìgbálẹ̀ tó gùn ní mítà kan. Ẹ da omi díẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ṣàn sápá kan, ilẹ̀ ò tẹ́jú. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ fi wo igi náà láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́: bó bá tẹ̀ ní dìgírì kan péré, orí rẹ̀ ti sún sẹ̀ǹtímítà 1.7. Ẹ fa òbírí mẹ́ta yí ìdí rẹ̀ ká, kí etí wọn jìnnà sí ìdí igi ní sẹ̀ǹtímítà 70, 80 àti 90. Níbi tí orí òjìji bá ti kan òbírí láàárọ̀, ẹ sàmì sí i, ẹ kọ aago rẹ̀. Tó bá tún kàn án lọ́sàn-án, ẹ ṣe bákan náà. Ní 21 oṣù kejìlá, ti 80 á bọ́ sí 11:04 àti 2:25. Àárín méjèèjì ni 12:44 àti ààbọ̀, ọ̀sán gangan ọjọ́ yẹn. Okùn tí ẹ bá nà láti àmì kan sí èkejì ni ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Òbírí mẹ́ta ni mo ní kí ẹ fà torí ìkùukùu Èkó: bó bá bo ọ̀kan, ẹ ó rí òmíràn lò. Ní oṣù kẹrin, 20, 40 àti 60 ni kó jẹ́, torí òjìji á ti kúrú gan-an.

Orí òjìji kì í mú, ojú rẹ̀ máa ń ṣú tó sẹ̀ǹtímítà kan. Ẹ lẹ páálí mọ́ orí igi, ẹ lu ihò kékeré sí i, kí ẹ máa tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ róbótó tó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí okùn láti inú ihò bá ti kanlẹ̀ ni àárín òbírí, kì í ṣe ìdí igi mọ́. Ibẹ̀ ló ti ń bàjẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́.

Olùkọ́ Èbúté Mẹ́ta:

Ẹ ṣé gan-an ni. Àwòrán tí a rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ká gbé irin aago náà sókè ní dìgírì 51. Ṣé ká ṣe bẹ́ẹ̀?

Alátùn-únṣe Aago, Ìdúmọ̀tà:

Rárá o, ti London nìyẹn. Ti Èkó jẹ́ dìgírì 6.5, ìyẹn bó ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ẹ mú pátákó 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ gbé etí rẹ̀ tó kọjú sí àríwá sókè ní sẹ̀ǹtímítà 3.4. Ẹ na wáyà tínrín láti gúúsù sí àríwá, kó fi sẹ̀ǹtímítà 10 ga ju ojú pátákó lọ níbi gbogbo. Ẹ fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ gan-an, kí ẹ wọn ìyókù láti ibẹ̀. Sápá ìwọ̀-oòrùn: aago méjìlá, sẹ̀ǹtímítà 2; mọ́kànlá, 5; mẹ́wàá, 8.9. Sápá ìlà-oòrùn: aago kan, 0.6; méjì, 3.3; mẹ́ta, 6.6; mẹ́rin, 11.3. Mo ti ro ìṣẹ́jú 46 mọ́ ọn. Ó ṣì lè fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yàtọ̀ ní oṣù kejì àti ìkọkànlá, kì í ṣe àṣìṣe yín.

Ládàánì Ìsàlẹ̀ Èkó:

Ẹ kú ìmọ̀ o. Ọ̀pá mítà kan yẹn kan náà la fi ń mọ àkókò ìrun. Àìlà, ìrun ọ̀sán, kì í wọlé torí pé aago méjìlá lù, àfi tí òjìji bá kúrú tán tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ní nǹkan bí 6 oṣù kẹrin àti 6 oṣù kẹsàn-án, oòrùn máa ń kan àtàrí ní Èkó gan-an, ọ̀pá ò ní ní òjìji kankan. Láàárín àkókò méjèèjì, òjìji ọ̀sán gangan á dà sí gúúsù, ó tó 30 sẹ̀ǹtímítà ní òpin oṣù kẹfà; lẹ́yìn náà á dà sí àríwá títí tí yóò fi tó 57 ní òpin oṣù kejìlá.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í ni alásárì, ìrun ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ní kí òjìji sáà ti tó gígùn ọ̀pá. Òótọ́ ni ní 6 oṣù kẹrin, mítà kan gééré, ní nǹkan bí 3:50. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ro òjìji ọ̀sán mọ́ ọn: ní òpin oṣù kejìlá, ó di dandan kó tó 157, aago mẹ́rin á sì ti kọjá.