Aládùúgbò mi ní Leipzig kò jẹ́ kí n sinmi

Àbíkẹ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o. Láti oṣù kẹsàn-án tí mo ti dé Leipzig ní Jámánì, kò sẹ́ni tó yá mọ́ èèyàn nínú ilé yìí. Màmá ìsàlẹ̀ ń wò mí bí ẹni tó jí ewúrẹ́ rẹ̀ gbé. Tí mo bá kí i, "hùn-ún" ni. Mo bá dáná, wọ́n á ṣí fèrèsé gbàgà. Lónìí, wọ́n tún ju lẹ́tà gbọọrọ sínú àpótí. Kí ni mo ṣe fún wọn?

Ìyá Ìbejì: Ta ló kọ lẹ́tà náà? O ò sọ.

Ará Bremen: Aago 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀ ni Ruhezeit, ìyẹn àkókò tí wọn kì í pariwo, Sọ́ńdè sì rèé, látàárọ̀ dalẹ́ ni. Wọn kì í kan ìṣó, wọn kì í da ìgò sí àpótí ìgò lọ́jọ́ náà. Ṣé o máa ń gún iyán?

Àbíkẹ́: Sọ́ńdè nìkan ni, sà. Ìgbà wo ni kí n wá gún un, pẹ̀lú ilé ìwé àti iṣẹ́?

Ìyá Ìbejì: Odó, lórí àjà ìyá àgbà! Se iṣu kó rọ̀ dáadáa, lọ̀ ọ́ nínú blender pẹ̀lú omi tó o fi sè é díẹ̀, kó o wá rò ó lórí iná kékeré títí yóò fi fà. Tómi bá pọ̀, kò ní dì.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyán sílẹ̀. Lẹ́tà ńkọ́?

Àbíkẹ́: "Abmahnung" ló wà lókè rẹ̀. Orúkọ ọ̀rẹ́ mi tó gba ilé ni wọ́n kọ. Ó ti kó lọ Berlin, òun ni mò ń sanwó fún.

Ará Bremen: Ọ̀rọ̀ ti yí padà! Ìkìlọ̀ onílé nìyẹn. Tí ariwo ò bá dáwọ́ dúró, ó lè lé yín jáde. Ṣé onílé mọ̀ pé o wà níbẹ̀? O ti ṣe Anmeldung, ìyẹn ìforúkọsílẹ̀ àdírẹ́sì rẹ lọ́dọ̀ ìjọba?

Àbíkẹ́: Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ṣì fi í sílẹ̀ ná.

Ará Bremen: Ọ̀sẹ̀ 2 péré lòfin fún ẹni tó bá kó wọlé. Ọ̀rẹ́ rẹ fúnra rẹ̀ lè fọwọ́ sí Wohnungsgeberbestätigung, ìwé ẹ̀rí pé o ti kó wọlé, torí òun ló fún ọ nílé. Mú un lọ sí Bürgerbüro, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Àmọ́ kó kọ̀wé tọrọ àyè lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú. Láìsí Anmeldung, nọ́ńbà owó-orí rẹ ò ní dé, ibi iṣẹ́ á sì lè máa yọ owó-orí ìpele 6, èyí tó wọ́n jù.

Àbíkẹ́: Ìdí nìyẹn tówó mi fi ń dín! Mo ti ń pe ọ̀rẹ́ mi látàárọ̀, kò gbé e. Ṣùgbọ́n màmá ìsàlẹ̀ ṣì lè dá èèyàn lóhùn.