Ayédèrú kọ́, ajọwó ni

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ọ̀gá wa tó kọ̀wé lánàá ń sọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àwọn Ọba George, tí wọ́n ń tẹ ìwé ìpolówó bíi owó báńkì. Wọ́n wá pè é ní "ayédèrú owó". Ẹ jọ̀ọ́ sà, rárá o. Ẹ tú u wò: ayé-di-èrú. Èrú wo ni ẹni tó ń wá èrò sínú ọkọ̀ ṣe?

Ìlérí ló bẹ̀rẹ̀ owó bébà ìgbà náà: mo ṣèlérí láti san iye báyìí fún Abraham Newland, akápò àgbà Báńkì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nísàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì, wọ́n á kọ iye owó gàdàgbà, lẹ́tà funfun nínú dúdú. Ọlọ́kọ̀ kàn yí ìlérí yẹn po ni: kò ní í sanwó, yóò gbé ọ dé ìlú báyìí. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹni tó bá sì mọ̀wé á rẹ́rìn-ín.

Àwọn tó ṣe ayédèrú gangan fojú winá rẹ̀. Lọ́dún 1797 ni Báńkì dáwọ́ fífi wúrà pààrọ̀ owó bébà dúró, tí bébà £1 àti £2 dọ́wọ́ mẹ̀kúnnù. Kó tó di 1821, ó lé ní 300 èèyàn tí wọ́n yẹgi fún. Nígbà tí inú bí Cruikshank, ayàwòrán ẹlẹ́fẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sí yíyẹgi náà lọ́dún 1819, bébà tó jọ owó lòun náà yà, ó to òkú àwọn tí wọ́n so rọ̀ sórí rẹ̀. Ṣé ayédèrú la ó pe ìyẹn náà?

Ajọwó ni tèmi, ìyẹn ohun tó jọ owó. Ohùn àárín ló wà lórí "a" yẹn, bíi ti apẹja. Ẹ má fà á wálẹ̀, kó má di ti alájọ. Olùkọ́ wa ní iléèwé modáà a máa fi rúlà gbá wa lọ́wọ́ nítorí irú àmì bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò rẹ́ni gbá wọn.

Ẹnì kan ní àwọn gbájúẹ̀ ń ná irú rẹ̀ fáwọn tí kò mọ̀wé. Wọ́n ná an lóòótọ́. Ẹni tó ná an ló ṣèrú, kì í ṣe bébà.

Ní ti ẹni tó ní ká má pe ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà yìí ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin, pé ti ogun ni kẹ̀kẹ́ inú Sáàmù 20: àwọn náà ló gbé "ọkọ̀ ajẹko" wá lọ́jọ́sí. Ẹṣin ló ń jẹko, ọkọ̀ kì í jẹko. Mi ò tíì gbà.