Níbo lẹ ti ń rí ìwé ìwádìí tí akẹ́kọ̀ọ́ statistics lè kà?

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń kọ́ ní statistics fẹ́ ṣe. Mo fẹ́ kí wọ́n ka ìwádìí gidi, àpẹẹrẹ owó ẹyọ jíjù ti sú wọn. Àmọ́ èyí tó dáa, wọ́n á ní ká sanwó. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ìṣirò inú rẹ̀ á ti le jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ t-test, ìyẹn ìṣirò tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ìpíndọ́gba ìhà méjì yàtọ̀ síra lóòótọ́. Ẹ gbà mí o.

Bọ̀dá Leeds: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì. Ti àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ wọ PubMed Central, ìkànnì tí wọ́n ń kó ìwé ìwádìí ìṣègùn sí, ọ̀fẹ́ ni, British Medical Journal ayé àtijọ́ wà níbẹ̀. Ẹ wá ìwádìí oògùn streptomycin ti 1948 lórí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹni 55 gba oògùn náà, wọ́n sì tún sinmi lórí ibùsùn. Ẹni 52 kàn sinmi ni. Nígbà tó pé oṣù mẹ́fà, 4 ti kú lára àwọn tó gba oògùn, 14 lára àwọn yòókù. Kí wọ́n fọwọ́ ṣe chi-square rẹ̀, ìyẹn ìṣirò tó ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ iye tó kú ju èèṣì lọ: tí wọn ò bá lo àtúnṣe Yates, tó máa ń dín èsì náà kù díẹ̀, nǹkan bíi 7.4 ni yóò jáde.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni bí wọ́n ṣe pín àwọn aláìsàn. Inú ẹ́ńfílóòpù tí wọ́n lẹ̀ pa ni wọ́n fi orúkọ ìhà tí kálukú máa bọ́ sí pa mọ́ sí, kí dókítà má baà yan ẹni tó wù ú. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fún gbogbo wọn lóògùn. Ó ṣọ̀wọ́n gan-an nílùú Ọba nígbà náà ni. Àwọn tó ń lọ ṣe nọ́ọ̀sì á jiyàn lórí ìyẹn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Àǹtí Dublin: Òótọ́ ni Bọ̀dá sọ, ṣùgbọ́n ẹ fi tòde òní kún un. PLOS ONE, ìwé ìwádìí sáyẹ́ǹsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò gbowó lọ́wọ́ òǹkàwé, láti 2014 ni wọ́n sì ti ní kí àwọn olùwádìí máa fi dátà wọn síta. Ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ìyàtọ̀ akọ àti abo ẹyẹ penguin ní Antarctica jáde níbẹ̀ lọ́dún yẹn gan-an. Dátà ẹyẹ 344 wà nínú palmerpenguins, àkójọ dátà ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń lò nínú R, ètò kọ̀ǹpútà fún statistics. Ìwúwo akọ àti ti abo, t-test ló kàn.

Èmi, tábìlì ni mo kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Tí mi ò bá rí iye ènìyàn, mean (ìpíndọ́gba) àti standard deviation (bí àwọn nọ́ńbà ṣe fọ́n ká tó) níbẹ̀, mo ti fi ìwé yẹn sílẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì, Houston: Ẹ ṣé gan-an ni. Èyí tó bá wù mí tí wọ́n ní kí n sanwó ńkọ́?

Bọ̀dá Leeds: Ẹ fi Unpaywall, irinṣẹ́ tó ń bá èèyàn wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ ìwé ìwádìí, sórí Chrome yín. Tí àmì àgádágodo rẹ̀ bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ̀dà ọ̀fẹ́ wà níbì kan. Bí kò bá sí, ẹ kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ ọ́.