Báwo ni mo ṣe lè ya àwọn ìràwọ̀ Terzan 5 sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tó yí i ká?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìràwọ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ lórí Terzan 5, ìdì ìràwọ̀ roboto kan tó wà ní ìhà àárín gbùngbùn Milky Way (àgbájọ ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀), nǹkan bí 19,000 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa. Ohun tó fà mí mọ́ ọn ni pé àwọn ìràwọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ní ọjọ́ orí: àwọn kan ti tó nǹkan bí bílíọ̀nù 12 ọdún, àwọn mìíràn kò sì ju nǹkan bí bílíọ̀nù 4.5 lọ.

Eruku tó wà ní òfuurufú láàárín àwa àti ìdì náà ni ìṣòro mi. Ó ṣú níhìn-ín, ó fẹ́lẹ́ lọ́hùn-ún, débi pé àwọn àmì inú àwòrán àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ tí mo yà (àtẹ tó ń fi àwọ̀ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan hàn pẹ̀lú bí ó ṣe mọ́lẹ̀ tó) fọ́n ká bí àgbàdo tó dànù. Mo lo àkọsílẹ̀ VVV, tí awò VISTA ní Chile fi ìmọ́lẹ̀ infrared kó jọ, nítorí pé irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ń la eruku kọjá ju èyí tí ojú wa ń rí lọ. Ṣùgbọ́n ní àárín ìdì náà, àwọn ìràwọ̀ fún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fi dà bí ẹyọ kan.

Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kí n kọ́kọ́ ṣe àtúnṣe eruku ni, àbí kí n kọ́kọ́ fi ìrìn àwọn ìràwọ̀ náà mọ ọmọ ilé, ìyẹn ti Terzan 5, yàtọ̀ sí àlejò? Ìràwọ̀ mélòó tó múlé gbe ìràwọ̀ kan ló sì yẹ kí n fi díwọ̀n eruku ibẹ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá ti so àwòrán Hubble, awò tó wà ní òfuurufú, pọ̀ mọ́ àkọsílẹ̀ VVV rí, inú mi yóò dùn láti mọ bí ó ṣe ṣe é.